Fáànù Ń Yí, Ojú Rẹ̀ Dúdú: Bí A Ṣe Ń Wá Ìdí Àìsàn Kọ̀ǹpútà Tuntun

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀rọ̀ yìí kò bá kọ̀ǹpútà mu rárá. Ẹ ra ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ tò ó tán, ẹ tẹ bọ́tìnnì. Iná tàn nínú rẹ̀, fáànù ń yí, ṣùgbọ́n ojú mọ́nítọ̀ dúdú bí kóró iṣin, tàbí kó kọ “No Signal” kó tún kú padà. Ojú yẹn kò sọ nǹkan kan fún yín. Ó lè jẹ́ wáyà lásán ló fà á, ó sì lè jẹ́ ẹ̀yà tó wọ́n jù lọ nínú gbogbo ohun tí ẹ rà. Bákan náà ni ojú rẹ̀ ṣe máa rí.

Ó ń pọ̀ sí i ní ẹ̀ka wa, àwọn tó ń to kọ̀ǹpútà fúnra wọn. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ẹni tó bá ń fi Praat wo ohùn, tó tún ṣí fídíò sínú ELAN láti kọ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà sílẹ̀, mọ bí laptop àtijọ́ ṣe ń gan. Owó tí wọ́n ń pè fún laptop tuntun sì ju agbára ọ̀pọ̀ wa lọ. Nítorí náà, èèyàn á ra páálí òfìfo níhìn-ín, á ra RAM lọ́hùn-ún, á wá motherboard tòkunbọ̀ kún un. Ní sáà tó kọjá, àwa mẹ́rin tí a wà ní ọdún àṣekágbá dáwó jọ ra ọ̀kan báyìí fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wa. Ẹnì kan nínú wa fi owó oúnjẹ rẹ̀ sí i. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni ṣọ́ọ̀bù tí a ti rà á fún wa láti dá ohunkóhun tó bá ní àbùkù padà. A tò ó tán, kò ríran.

Mo máa sọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe parí bó bá yá. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni pé kí n ṣàlàyé ọ̀nà tí a fi ń wá ìdí irú àìsàn yìí, nítorí ọ̀nà náà kò ṣàjèjì sí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè. Ẹni tó bá ti jókòó sí kíláàsì fonọ́lọ́jì rí ti mọ ìdajì rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kí ojú tó là

Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, power supply ló kọ́kọ́ jí. Ó máa yẹ iná tirẹ̀ wò, bó bá sì ti dúró dáadáa, á fi àmì ránṣẹ́ sí motherboard pé kó máa bọ̀. Ìgbà náà ni processor á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìlànà kékeré kan tí wọ́n ti kọ sínú motherboard láti ilé iṣẹ́, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní BIOS. BIOS á wo processor fúnra rẹ̀, á wo RAM, á wo ohun tó ń gbé àwòrán jáde, lẹ́yìn náà ni á tó wá disk tí Windows tàbí Linux wà lórí rẹ̀. Àyẹ̀wò yìí ni wọ́n ń pè ní POST.

Ẹ kíyè sí ètò rẹ̀: iná, processor, RAM, àwòrán, mọ́nítọ̀. Mọ́nítọ̀ ló kẹ́yìn. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́rin tó ṣáájú bá kọ iṣẹ́, ojú á dúdú, mọ́nítọ̀ kò sì mọ̀wọ̀n mẹsẹ̀ níbẹ̀. Ẹ tún kíyè sí i pé disk kò sí lára wọn. Kọ̀ǹpútà tí kò ní disk kankan ṣì lè fi àmì ilé iṣẹ́ rẹ̀ hàn lójú, kó sì wá sọ pé òun kò rí ohun tí òun máa ṣí. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní kí ẹ lọ tún Windows fi sí i nítorí pé ojú kò là rárá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ máa lọ.

Fáànù tó ń yí ńkọ́? Ohun tó ń sọ fún yín kò ju pé iná ń dé ọ̀dọ̀ fáànù. Kò sọ pé processor ti jí.

Ẹ yí ẹyọ kan padà, ẹ má yí méjì

Olùkọ́ tó bá fẹ́ fi hàn yín pé ohùn ń yí ìtumọ̀ padà nínú Yorùbá á kọ *igba* àti *igbá* sójú pátákó. Kọ́ńsónáǹtì kan náà ni, fáwẹ̀lì kan náà ni, ohùn sílébù kìíní kan náà ni. Ohùn ìkẹyìn nìkan ló yàtọ̀, nítorí náà òun ló sọ igba di igbá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ *igbá* àti *ìgbà* ló kọ síbẹ̀, ohùn méjèèjì ló ti yí padà, kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé èyí ló mú ìyàtọ̀ wá, kì í ṣe tọ̀hún.

Òfin yìí gan-an ni òfin àtúnṣe kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá pààrọ̀ RAM, tí ẹ tún pààrọ̀ wáyà, tí ẹ tún yọ bátìrì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ojú wá là, inú yín á dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ kò mọ ohun tó wò ó sàn. Bó bá padà dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni. Ẹ yí ẹyọ kan, ẹ tẹ bọ́tìnnì, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé. Bí a ṣe ń kọ ìdáhùn abẹ́nà-ìmọ̀ wa ní pápá ni kí ẹ ṣe kọ ọ́: nọ́ńbà, ohun tí a yí, ohun tí a rí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìta

Ìta kì í náni lówó, nítorí náà ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé iná mọ́nítọ̀ fúnra rẹ̀ tàn? Ojú ihò wo ló ń wò: HDMI kìíní, HDMI kejì, tàbí DisplayPort? Púpọ̀ nínú mọ́nítọ̀ kì í wá a fúnra wọn, ẹ̀yin lẹ máa fi bọ́tìnnì yàn án. Ẹ yá wáyà mìíràn tí ẹ ti mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́, ẹ fi dán an wò. Ẹ gbé mọ́nítọ̀ náà sára laptop ẹnì kan, kí ẹ lè mọ̀ pé ara rẹ̀ dá.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí wáyà náà wọ̀ lẹ́yìn páálí. Bí ẹ bá ra graphics card, ara graphics card ni kó wọ̀, kì í ṣe ara motherboard tó wà lókè rẹ̀. Bí ẹ kò bá ra graphics card, a jẹ́ pé processor ló máa gbé àwòrán jáde, kì í sì í ṣe gbogbo processor ló lè ṣe é. Orúkọ rẹ̀ ló máa sọ fún yín. Nínú Core ti Intel, èyí tó bá ní lẹ́tà F nídìí, bíi i5-12400F, kò lè gbé àwòrán jáde fúnra rẹ̀. Nínú Ryzen ti AMD láti ìran 1000 dé 5000, èyí tó ní G nídìí, bíi 5600G, ló lè ṣe é; 5600X kò lè ṣe é. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ìyàtọ̀ wọn, bí igba àti igbá.

Iná àti ọwọ́ yín

Kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ẹ pa á, ẹ yọ wáyà rẹ̀ kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí iná tó ṣẹ́ kù lè jáde. Ẹ fọwọ́ kan irin páálí kí ẹ tó fọwọ́ kan ohun mìíràn. Lásìkò ọyẹ́ pàápàá, tí aṣọ ń ta pàrà síni lára, iná inú ara yín tó láti ba RAM jẹ́ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Power supply ní tirẹ̀, ẹ má ṣí ikùn rẹ̀ láéláé. Iná máa ń wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́, ó sì lè pààyàn.

Wáyà iná méjì ló yẹ kó wọ motherboard. Ńlá ni èkíní, ó ní ojú mẹ́rìnlélógún. Èkejì kéré, ó ní ojú mẹ́rin tàbí mẹ́jọ, ẹ̀gbẹ́ processor ló máa ń wà, wọ́n sì máa ń kọ CPU sí i lára. Èyí kékeré yìí ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé, nítorí pé kọ́rọ́ ló wà lókè, fáànù á sì máa yí láìsí i. Graphics card tó bá ní ihò iná tirẹ̀ ń fẹ́ wáyà tí wọ́n kọ PCIe sí. Ojú mẹ́jọ ti CPU àti ojú mẹ́jọ ti PCIe jọ ara wọn bí ìbejì, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí èyí tí ẹ mú kò bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ má fi agbára tì í.

RAM

Nínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tò, RAM tí kò wọlé tán wà lára ohun tó máa ń fa ojú dúdú jù lọ. Ẹ yọ gbogbo rẹ̀, ẹ fi ẹyọ kan padà. Bí ihò bá jẹ́ mẹ́rin, èyí tó ṣe ìkejì láti ọ̀dọ̀ processor ni ọ̀pọ̀ motherboard ń fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ lò, wọ́n sì máa ń kọ A2 sí i. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí ìkọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á fi dún kọ́. Bí kò bá là, ẹ gbé ẹyọ kejì síbẹ̀. Bí kò bá là síbẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ihò mìíràn. Ẹyọ kan, ihò kan, lẹ́ẹ̀kan.

Ẹni tó bá ra DDR5 ní láti fi sùúrù kún un. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá tan irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, BIOS máa ń fara balẹ̀ kọ́ bó ṣe máa bá RAM náà sọ̀rọ̀, ó sì lè tó ìṣẹ́jú mélòó kan kí ojú tó là. Ẹni tó bá ń pa á tó ń tàn án ní gbogbo ìgbà yẹn ń dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.

Ẹ gbọ́ èdè rẹ̀

Kọ̀ǹpútà tí kò ríran ṣì lè sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ motherboard ní ihò fún ẹ̀rọ asọ̀rọ̀ kékeré kan tí kò wọ́n, èyí tó máa ń dún nígbà POST. Kì í ṣe ohùn òkè tàbí ohùn ìsàlẹ̀ ló ń fi sọ̀rọ̀ bíi ti Yorùbá. Ìró gígùn, ìró kúkúrú àti iye wọn ló ní ìtumọ̀. Èdè náà sì ní ẹ̀ka èdè: ohun tí ìró gígùn kan àti kúkúrú méjì ń sọ nínú BIOS kan lè yàtọ̀ sí ohun tó ń sọ nínú òmíràn. Ìwé tó wà nínú páálí motherboard yín ni atúmọ̀-èdè rẹ̀. Ẹ má gba ìtumọ̀ lẹ́nu ẹni tó ń lo ti ilé iṣẹ́ mìíràn.

Púpọ̀ nínú àwọn tuntun ní iná kéékèèké mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí wọ́n kọ CPU, DRAM, VGA àti BOOT sí. Bí POST ṣe ń lọ ni wọ́n ń tàn tí wọ́n ń kú. Èyí tó bá tàn tí kò kú mọ́ ni ibi tí àyẹ̀wò ti dúró. Iná yẹn kò sọ pé ẹ̀yà náà ti bàjẹ́ o. Ó ń sọ pé ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

Bí gbogbo rẹ̀ kò bá gbà, ẹ yọ bátìrì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní CR2032 fún ìṣẹ́jú mélòó kan nígbà tí wáyà iná kò sí nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí BIOS lè gbàgbé ètò tí wọ́n ti ṣe sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lára motherboard tòkunbọ̀, èyí ṣe pàtàkì, nítorí ẹ kò mọ ohun tí ẹni tó kọ́kọ́ lò ó ti yí níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé e jáde. Ẹ tẹ́ motherboard sórí páálí rẹ̀, kì í ṣe sórí ọ̀rá tó ń dán tó bá a wá, nítorí ìta ọ̀rá yẹn lè gbé iná. Ẹ fi processor àti fáànù rẹ̀, RAM ẹyọ kan, power supply àti mọ́nítọ̀ nìkan sí i, pẹ̀lú graphics card bí processor yín kò bá lè gbé àwòrán jáde fúnra rẹ̀. Ẹ fi orí screwdriver kan irin kéékèèké méjì tí wọ́n kọ PWR_SW sí, kó lè tàn. Bó bá là lórí tábìlì tí kò là nínú páálí, páálí ló ní ẹjọ́. Ó lè jẹ́ pé ìdúró irin kan wà níbi tí kò sí ihò síkúrúù, tó ń gún ẹ̀yìn motherboard, tó sì ń da iná rẹ̀ rú.

Bí tiwa ṣe rí

Nínú tiwa, iná CPU ló tàn tí kò kú. Kí a tó jókòó tì í, a ti gbé e lọ bá atúnṣe kan. Ó tàn án lẹ́ẹ̀mejì, ó ní motherboard ti kú, kí a lọ ra òmíràn, òun sì mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi mọ̀ pé òun ló kú?”

Ó ní, “Àbúrò, mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kó o tó wọ yunifásítì.”

Mi ò bá a jiyàn ọjọ́ orí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ló ti rí, ó sì ti dárúkọ ohun tó fà á. Nínú iṣẹ́ tiwa, a kì í fi gbólóhùn kan ṣòfin gírámà. Ọjọ́ mẹ́rin ló ṣẹ́ kù nínú ọ̀sẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù fún wa, a sì dá a gbé lọ sílé.

A yí RAM, iná CPU kò kúrò. A yọ bátìrì, kò kúrò. A gbé e sórí tábìlì, kò kúrò. Ìwé wa ti ní nọ́ńbà mọ́kànlá kí a tó wo orúkọ àwọn ẹ̀yà náà papọ̀. Ryzen 5 5600G ni processor wa. Oṣù kẹjọ ọdún 2021 ló bọ́ sọ́jà fún àwọn tó ń to kọ̀ǹpútà fúnra wọn. Motherboard wa jẹ́ ọmọ ìran B450, ìran tó jáde ní 2018. Ihò AM4 kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò, nítorí náà processor wọlé láìjanpata. Ṣùgbọ́n wíwọlé kì í ṣe mímọ̀. BIOS tí wọ́n kọ kí processor kan tó dé ayé kò lè dá a mọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Crowther tẹ̀ jáde ní 1843 kò ṣe lè ní kọ̀ǹpútà nínú.

Lórí ojú ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe motherboard náà, wọ́n to orúkọ gbogbo processor tó lè gbà, wọ́n sì kọ nọ́ńbà BIOS tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ síwájú rẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ motherboard tiwa kéré sí èyí tí 5600G ń fẹ́. Ìmọ̀ràn nìyẹn jẹ́ o, kò tíì di ẹ̀rí. Láti rí ẹ̀rí, a yá Ryzen 3 2200G lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wa kan ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ọjọ́ orí òun àti ìran B450 súnmọ́ra, ó sì lè gbé àwòrán jáde fúnra rẹ̀. A yí processor nìkan. RAM kan náà, wáyà kan náà, mọ́nítọ̀ kan náà. Ojú là.

Èyí ni igba àti igbá wa. Motherboard kò kú, ohun tí a bá sọ̀rọ̀ ni kò gbọ́ èdè ẹni tí a gbé wá bá a.

A wa BIOS tuntun sórí flash tí a ti sọ di FAT32, a sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí yàrá ẹnì kan tó ní inverter. Ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí. Bí iná bá lọ lásìkò tí BIOS ń gba ìtọ́ni tuntun, motherboard tó ṣì wà láàyè lè wá kú ní tòótọ́, àwa náà sì mọ bí iná ìlú wa ṣe ń ṣe. Nígbà tó parí, a dá 2200G padà fún ẹlẹ́ni, a gbé 5600G wọlé, ojú là. A kò ra motherboard kejì. Owó oúnjẹ ọ̀rẹ́ wa kò ṣègbé, iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wa sì bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà. Àwọn motherboard kan wà tó ní bọ́tìnnì BIOS Flashback, èyí tó lè gba BIOS tuntun láìsí processor tó dá mọ̀. Bí tiyín bá ní i, ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ yíyá.

Kí ẹ tó náwó

Ẹ jẹ́ kí n to gbogbo rẹ̀ jọ fún ẹni tó ń kánjú. Ẹ wo mọ́nítọ̀, wáyà, àti ojú ihò tó wọ̀. Ẹ ka lẹ́tà tó wà nídìí orúkọ processor yín. Ẹ wo wáyà iná méjèèjì. Ẹ dán RAM wò ní ẹyọ kan. Ẹ ka iná kéékèèké, tàbí kí ẹ gbọ́ ìró. Ẹ yọ bátìrì. Ẹ gbé e jáde kúrò nínú páálí. Ẹ fi nọ́ńbà BIOS wé ohun tí processor ń fẹ́. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn gbogbo èyí ni kí ẹ tó pè ní òkú, kí ẹ sì yá irú rẹ̀ fi jẹ́rìí kí ẹ tó ra òmíràn.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ bá atúnṣe, kò burú, ọ̀pọ̀ wọn mọ iṣẹ́. Ẹ mú ìwé yín dání. Ẹni tó bá gbọ́ “a ti yí èyí, iná yìí kò kúrò” á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ dé, kò ní bẹ̀rẹ̀ láti àpò yín.